Ọmọ Ọdún 8 Tó Ń Tọ̀ọ́lé: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Láti Inú Ilé Kan Ní Ìbàdàn

Ọmọkùnrin tí àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí jẹ́ ọmọ ọdún 8. Ó wà ní kíláàsì kẹta nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni kan ní Ìbàdàn, òun sì ni ìkejì nínú ọmọ mẹ́ta tí àwọn òbí rẹ̀ bí. Iṣẹ́ aránṣọ ni ìyá rẹ̀ ń ṣe; awakọ̀ ni bàbá rẹ̀, iṣẹ́ náà sì máa ń mú un sùn síta ní ọjọ́ bíi mélòó kan láàárín ọ̀sẹ̀. Yàrá méjì àti pálọ̀ ni wọ́n ń gbé, nínú ilé tí ìdílé mẹ́rin ti jọ ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìnkùlé. Ìyá bàbá ọmọ náà, tó wá láti Ọ̀yọ́ láti wá tọ́jú àbíkẹ́yìn nígbà tí wọ́n bí i, kò tíì padà sílé, òun ló sì ń bá àwọn ọmọ sùn. Nọ́ọ̀sì ni mí ní ibùdó ìlera alábọ́dé tó wà ládùúgbò wọn. Àwọn òbí náà gbà kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, mo sì ti yọ ohun tó lè mú kí ẹnikẹ́ni dá wọn mọ̀ kúrò nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ kọ́ ló gbé ìyá náà dé ọ̀dọ̀ mi. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ló ń wúkọ́. Nígbà tí mo yẹ ìyẹn wò tán, ó dìde, ó tún padà jókòó, ó ní, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní oògùn tí wọ́n fi ń dá ìtọ̀ dúró?" Ìgbà yẹn ló wá ṣàlàyé pé àbúrò òun tó ń gbé ní Òṣogbo fẹ́ kí àwọn ọmọ wá lo ọlidé Kérésì lọ́dọ̀ òun, ṣùgbọ́n ojú ń ti òun láti rán ọmọ tí yóò lọ rin fóòmù tuntun wọn gbindin. Ó ní òru tí ọmọ náà kì í tọ̀ọ́lé láàárín ọ̀sẹ̀ kì í ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ, àti pé láti ìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú, kò tíì sí oṣù kan tó sùn gbẹ tán pátápátá. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ọmọ tó ti gbẹ fún oṣù 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó wá tún bẹ̀rẹ̀ lójijì, ọ̀tọ̀ ni ohun tí à ń wá lára tirẹ̀: ó lè jẹ́ àìsàn, ó sì lè jẹ́ pé nǹkan kan ti dẹ́rù bà á.

Ilé náà kò jókòó tẹtẹrẹ. Wọ́n ti nà án. Wọ́n ti ní kó máa fúnra rẹ̀ gbé fóòmù jáde sínú oòrùn láàárọ̀, lójú àwọn ọmọ ayálégbé yòókù, wọ́n sì ti kọrin atọ̀ọ́lé fún un débi pé àbíkẹ́yìn tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ dáadáa mọ orin náà. Bàbá ti ṣòfin pé kò gbọdọ̀ mu omi lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ìyá àgbà ti fún un ní oríṣiríṣi àgbo, ó sì sọ fún mi láìbojúwẹ̀yìn pé nígbà èwe òun, ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n máa ń so mọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nídìí. Mo bi í bóyá ó ṣiṣẹ́. Ó ní òun kò mọ̀ bóyá ìtọ̀ dúró, ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n so ó mọ́ kò sùn mọ́jú ọjọ́ náà.

Kí a tó sọ̀rọ̀ oògùn, mo ní kí wọ́n mú ọmọ náà wá. A béèrè bóyá ó máa ń mu omi ní àmujù tó sì ń rù, nítorí àtọ̀gbẹ. Bóyá ìtọ̀ máa ń ta á tàbí ara rẹ̀ máa ń gbóná. Bóyá ó ń tọ̀ sára lọ́sàn-án. Bóyá ó máa ń hanrun. A ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀ rẹ̀: kò sí ṣúgà níbẹ̀, kò sì sí àmì pé kòkòrò àrùn wà nínú rẹ̀. Wọn kò tíì ṣe jẹ́nótáìpù rẹ̀ rí, mo sì tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n ṣe é, nítorí pé kíndìnrín àwọn ọmọ tó ní àìsàn fòníkúfọ̀ladìde kì í lè dá omi dúró bó ṣe yẹ, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń tọ̀ọ́lé títí wọ́n fi dàgbà díẹ̀, tí àwọn ará ilé á máa nà wọ́n lórí àìsàn tí wọ́n bí mọ́ wọn. AA ni tirẹ̀ jẹ́. Mo sì bá òun nìkan sọ̀rọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí mo ní kí àwọn àgbà jáde, nítorí pé àwọn ìbéèrè kan wà tí kò ṣe é bi ọmọ lójú òbí rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ. Ohun tó sọ nígbà náà kéré, ṣùgbọ́n òun ló là wá lójú. Mo máa padà sórí rẹ̀.

Bàbá wà nílé lọ́jọ́ tí mo bẹ̀ wọ́n wò. Mo ṣàlàyé fún un pé ohun tó ń ṣe ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àfojúdi. Nínú ọmọ 100 tó bá pé ọdún 5, nǹkan bíi 15 ló ṣì ń tọ̀ọ́lé. Nígbà tí wọ́n bá fi máa pé ọdún 10, nǹkan bíi 5 ló máa ń kù. Ọkùnrin sì pọ̀ nínú wọn ju obìnrin lọ. Ọpọlọ máa ń tú èròjà kan tó ń jẹ́ vasopressin sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń mú kí kíndìnrín dín ìtọ̀ kù lóru, ṣùgbọ́n lára àwọn ọmọ kan èròjà náà kì í tó lóru. Àpò ìtọ̀ àwọn mìíràn kì í gba púpọ̀. Ti àwọn mìíràn sì ni pé oorun wọn wúwo débi pé àpò ìtọ̀ tó kún kò lè jí wọn. Ó tún máa ń rìn nínú ẹbí: bí ọ̀kan nínú òbí bá ti ṣe é rí, ó súnmọ́ ìdajì pé ọmọ rẹ̀ náà á ṣe é. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ èyí tán ni ìyá àgbà yíjú sí ọmọ rẹ̀, tó ní, "Ṣé o gbọ́? Ìwọ tó jẹ́ pé ìgbà tó o máa wọ ilé ìwé girama lo tó ṣíwọ́." Bàbá bínú gidigidi. Ó ní, "Màmá, ṣé gbogbo ọ̀rọ̀ lẹ máa ń sọ síta ni?" Ó sì jáde lọ. Ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n ti jọ wà fún ọdún mọ́kànlá, kò gbọ́ ọ rí.

Mo rò pé bí ìyá àgbà bá ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, pàṣán kì bá tí jáde nínú ilé yẹn lórí ọ̀rọ̀ ìtọ̀. Àwọn bàbá tó ti la ìtìjú kan kọjá ni wọ́n sábà máa ń le jù lọ lórí rẹ̀ lára ọmọ wọn.

Ṣùgbọ́n àjogúnbá nìkan kò tó láti fi ṣàlàyé ọmọ tó ń tọ̀ọ́lé ní òru márùn-ún tàbí mẹ́fà láàárín ọ̀sẹ̀. Mo fún ìyá ní ìwé kan, mo ní kó máa kọ ohun tí ọmọ náà mu, ìgbà tó mu ún, ìgbà tó tọ̀, àti ìgbà tó yàgbẹ́, ní pàtàkì lópin ọ̀sẹ̀ tí wọ́n jọ wà nílé. Kí ó sì fi ife tí wọ́n fà ìlà sí lára wọn ìtọ̀ rẹ̀. Ìwé tó mú padà wá fi han kedere pé ọ̀sán ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Láti aago 7 àárọ̀ tí ọmọ náà bá kúrò nílé títí di aago 4 ìrọ̀lẹ́ tó bá parí lẹ́sìnnì, kì í tọ̀ rárá, kò sì jọ pé omi ń kàn án lẹ́nu. Láàárín aago 4 sí aago 8 alẹ́, ó máa ń mu omi inú ọ̀rá méjì, èyí tó jẹ́ lítà 1 gbáko, kí a má tíì ka ẹ̀kọ mímu tí wọ́n fi jẹ àkàrà, tàbí tíì tó fi jẹ búrẹ́dì. Òfin bàbá kò dí èyí lọ́wọ́, nítorí pé kí oúnjẹ alẹ́ tó dé ni ọmọ náà ti máa ń mu omi rẹ̀ yó. Bí òùngbẹ bá sì tún gbẹ ẹ́ lóru, ìyá àgbà á bu omi fún un ní kọ̀rọ̀, ó ní ọmọ kì í fi òùngbẹ sùn nílé òun.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò náà. Ohun tí àwọn oníṣègùn fi ń fojú díwọ̀n àpò ìtọ̀ ọmọdé ni pé kí a fi 1 kún ọjọ́ orí rẹ̀, kí a sì sọ ọ́ di ìlọ́po 30: ti ọmọ ọdún 8 á jẹ́ 270 mìlílítà. Èyí tó pọ̀ jù lọ tí ìyá ọmọ yìí wọ̀n nínú ife kò tó 150. Ọmọ tí àpò ìtọ̀ rẹ̀ ń gba ìdajì ohun tó yẹ kó gbà, tó sì ń kó omi odidi ọjọ́ jọ sí wákàtí mẹ́rin tó ṣáájú oorun, kò sí pàṣán tó lè bá a dí ihò náà.

Èé ṣe tí kì í mu omi nílé ìwé? Ìyá ní gbogbo ọjọ́ ni òun ń fi omi kún ike rẹ̀, òun sì ti ṣàkíyèsí pé kíkún ni ike náà ń bá a padà wálé, ṣùgbọ́n òun rò pé ìwọ̀nba ni ara rẹ̀ ń fẹ́ omi ni. Ohun tí ọmọ náà sọ fún mi nígbà tó ku àwa méjì ni pé òun kì í mu omi kí ìtọ̀ má baà gbọ̀n òun. Ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọkùnrin kò ṣe é tì. Àwọn ọmọ kíláàsì òkè máa ń ṣí i wò ẹni tó bá wà níbẹ̀, wọ́n á sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò sí omi níbẹ̀, ó ń rùn, òun sì ti rí kòkòrò funfun níbẹ̀ rí. Ó ní láti ìgbà tí òun ti wọ kíláàsì kẹta, tí wọ́n kó wọn lọ sí ilé òkè, òun kò lọ mọ́. Ó ń dá ìtọ̀ dúró, ó sì ń dá ìgbẹ́ dúró pẹ̀lú. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Kò sí àgbàlagbà kankan tó ti bi í léèrè rí.

Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ yìí ni àwọn òbí kò fọkàn sí rárá. Ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́rin kí ó tó yàgbẹ́, ìgbẹ́ náà á sì le bí òkúta. Nígbà tí mo tẹ ikùn rẹ̀ ní ìhà òsì nísàlẹ̀, ó hàn sí ọwọ́ mi pé ẹrù wà níbẹ̀. Ìfun tó kún báyìí máa ń ti àpò ìtọ̀ láti ẹ̀yìn, kò sì ní jẹ́ kó láyè láti gbòòrò tàbí kó tú ohun tó wà nínú rẹ̀ dànù tán. Ẹni tó bá ń tọ́jú ọmọ tó ń tọ̀ọ́lé tí kò sì béèrè nípa ìgbẹ́ rẹ̀, apá kan iṣẹ́ náà ló fi sílẹ̀.

Ìfun ni a kọ́kọ́ dojú kọ. Dókítà tó máa ń wá sí ibùdó wa kọ oògùn tí yóò mú kí ìgbẹ́ rọ̀, mo sì bá ìyá jíròrò lórí oúnjẹ: kí ẹ̀wà wà níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọ̀sẹ̀, kí ẹ̀fọ́ pọ̀ nínú ọbẹ̀, kí ó sì máa jẹ ìbẹ́pẹ tí ìyá àgbà ń rà láti fi tú inú ara rẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, kí ọmọ náà jókòó sórí póò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀ dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má sì kánjú lé e lórí. Èyí túmọ̀ sí pé kí ilé tètè jí, ó sì nira fún ìyá tó ń wẹ ọmọ mẹ́ta, tó tún ní láti dé ṣọ́ọ̀bù kí àwọn oníbàárà tó dé. Lẹ́yìn náà la yí omi mímu padà sí ọ̀sán: ife kan kí ó tó kúrò nílé, ike kan kí ó tan nílé ìwé, ife kan nígbà tó bá dé, lẹ́yìn náà ìwọ̀nba díẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ alẹ́ tí a fà wá sí aago 6. Wọ́n fi ẹ̀kọ tútù rọ́pò ẹ̀kọ mímu lálẹ́. Póò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, nítorí pé kò sí ọmọ ọdún 8 tí yóò dá jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé nínú òkùnkùn nígbà tí kò sí iná, bí ẹ bá tilẹ̀ lù ú pa.

Orin atọ̀ọ́lé náà gbọ́dọ̀ dópin. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ṣòro jù lọ nínú èyí, nítorí pé òun ló ń fọ aṣọ tó bá rin, ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ sì ní ìdí. A pinnu pé ọmọ náà á máa yọ aṣọ ibùsùn rẹ̀ fúnra rẹ̀ sínú báàfù, láìjẹ́ pé ó jẹ́ ìyà, ìyá á sì máa fọ̀ ọ́. Fóòmù náà ni wọ́n fi ọ̀rá bò.

Ìyá àgbà kò gbà ní ibì kan. Ó ti mọ́ ọn lára láti máa jí ọmọ náà láàárín òru, kí ó sì gbé e dúró lórí póò nígbà tó ṣì ń sùn. Mo ṣàlàyé fún un pé èyí lè mú kí fóòmù gbẹ lóru ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n kò kọ́ ọpọlọ ọmọ láti jí fúnra rẹ̀. Ó dáhùn pé òun kò rán ọpọlọ níṣẹ́, fóòmù tí òun ń sùn lé lórí ni òun ń dáàbò bò. Ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì tọ̀nà. A fi í sílẹ̀ pé bí ó bá fẹ́ jí i, kí ó jí i tán pátápátá, kí ọmọ náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn.

Ilé ìwé ló gba àkókò. Nígbà tí ìyá kọ́kọ́ lọ, ọ̀gá ilé ìwé sọ fún un pé àwọn ọmọ yòókù ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà, wọn kò sì tíì kú. Olùkọ́ kíláàsì, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ló fi àánú gbà pé kí ọmọ náà máa lọ sí ti àwọn olùkọ́ ní aago 10 àti aago 1, kí ó sì máa rán an létí láti mu omi. Ìyẹn ràn án lọ́wọ́, àmọ́ ọ̀nà ẹ̀yìn ni. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ méjì ni ọmọ tó lé ní 300 ń lò nílé ìwé yẹn, ọ̀kan fún ọkùnrin, ọ̀kan fún obìnrin, nígbà tí ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé fún ilé ẹ̀kọ́ jẹ́ ẹyọ kan fún ọmọbìnrin 25, àti ẹyọ kan pẹ̀lú ibi ìtọ̀ fún ọmọkùnrin 50. Àwòrán ẹranko aláràbarà ló wà lára ògiri wọn láti ẹnu géètì. Owó ọ̀dà yẹn ì bá ti ra ìlẹ̀kùn. Bàbá, tó ti bínú jáde nílé lọ́jọ́ yẹn, ló dìde nípàdé òbí àti olùkọ́, tó sọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láìdárúkọ ọmọ rẹ̀. Ó yani lẹ́nu bí àwọn òbí mìíràn ṣe dìde tẹ̀ lé e: ọmọ tiwọn náà ń sáré wọlé pẹ̀lú ìtọ̀ lójoojúmọ́. Kí sáà náà tó parí, wọ́n ti ṣe ìlẹ̀kùn méjèèjì, wọ́n gbé àgbá omi síbẹ̀, wọ́n sì gba obìnrin kan tó ń fọ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Wọn kò tíì kọ́ òmíràn kún un.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, kò sí ohun tó yí padà lórí ibùsùn, ìyá sì fẹ́ẹ̀ jáwọ́. Ìgbẹ́ ló kọ́kọ́ dára. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òru gbígbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í di mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀, nígbà mìíràn mẹ́rin. Ó lọ sí Òṣogbo fún ọdún Kérésì pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀ àti póò rẹ̀, lẹ́yìn tí ìyá ti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ lórí fóònù. Ó sì tọ̀ọ́lé níbẹ̀ ju bó ṣe ń ṣe nílé lọ, nítorí ọ̀yẹ́ tó mú, àti nítorí mínírà tí àwọn ọmọ ń mu títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Kò sí ẹni tó nà án. Nígbà tí wọ́n padà sí ìlànà wọn, òru gbígbẹ náà padà, ó sì pọ̀ sí i. Ní ìsinmi Àjíǹde, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ ló kù, ìwọ̀n ìtọ̀ rẹ̀ tó pọ̀ jù lọ nínú ife sì ti lé ní 220.

Àwọn òbí béèrè nípa oògùn tó ń ṣe iṣẹ́ èròjà vasopressin. Mo sọ fún wọn pé dókítà nìkan ló lè kọ ọ́, àti pé ọmọ tó bá ń lò ó kò gbọdọ̀ mu omi púpọ̀ lálẹ́, nítorí pé iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ débi tí gìrì á fi gbé e. Nínú ilé tí ìyá àgbà ti ń bu omi fúnni ní kọ̀rọ̀, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Agogo tó máa ń dún bí ìtọ̀ bá kan aṣọ náà wà, ó sì wúlò fún ọ̀pọ̀ ọmọ bí wọ́n bá lò ó fún oṣù mélòó kan, ṣùgbọ́n ẹni mẹ́rin ló ń sùn nínú yàrá yẹn. Wọ́n pinnu pé àwọn á dúró ná.

Ohun tí mo ń ṣọ́ báyìí ni oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ọmọ náà máa wọ kíláàsì kẹrin, tí yóò sì bọ́ sọ́wọ́ olùkọ́ mìíràn. Ìyá ti ṣèlérí pé ní ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an ni òun máa lọ bá olùkọ́ náà sọ̀rọ̀ lórí omi mímu àti aago 10 àti aago 1, bàbá sì ní òun máa kọ́kọ́ wọlé lọ yẹ ìlẹ̀kùn wò.